Àtọ̀gbẹ Tèmi, Àtọ̀gbẹ Màmá

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹrin

Dókítà tó ń rí mi ní kílíníìkì wo èsì ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀ yìí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mìsísì Fọlọ́runṣọ́, ẹ kì í lo oògùn yín."

Mo ní mò ń lò ó.

"Ẹ sì ń jẹ ohun tí a ní kẹ́ ẹ má jẹ."

Mo ní mi ò jẹ ẹ́. Ó kọ nǹkan sí fáìlì mi, mo sì kà á láti òdìkejì tábìlì: aláìsàn yìí kì í gbọ́ràn.

Ọdún méjì ni mo ti ń gbé oògùn àtọ̀gbẹ mì. Kílò mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lónìí, mọ́kànléláàádọ́ta. Bàbá Túnmiṣe, ọkọ mi, ní kí n má bínú. Mi ò bínú. Ẹ̀rí ni mo fẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mi pé òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ìwé rẹ̀ ni mo máa ń bèèrè. Torí náà, láti òní lọ, gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu mi ni n ó máa kọ síbí.

Àárọ̀: ẹ̀kọ tútù kan, mọ́ínmọ́ín kan. Ọ̀sán: ẹ̀wà, kò sí dòdò. Alẹ́: ẹ̀fọ́ àti ẹja. Oògùn ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣúgà kí n tó jẹun: 271.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Karùn-ún

Ìsinmi òṣìṣẹ́. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, omi gba gbogbo ojú títì Basin níbí ní Ìlọrin. Nígbà tó dá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Pósófíìsì láti ra bébà tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò. Ó tún ti gbówó lórí. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni n ó máa yẹ̀ ẹ́ wò báyìí.

Obìnrin kan láti ìjọ wa rí mi nídìí káńtà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí Ọlámidé, ààwẹ̀ yìí ti pọ̀ jù." Mo rẹ́rìn-ín.

Ṣúgà: 284. Oúnjẹ bíi ti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Ìdánwò àṣejáde ti ń lọ lọ́wọ́. Èmi àti Àlàhájà Sàfúrátù tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ oúnjẹ ni wọ́n yàn láti ṣọ́ gbọ̀ngàn kejì. Láàárín wákàtí méjì, ìgbà mẹ́rin ni mo jáde lọ tọ̀. Àwọn ọmọ ti ń wò mí.

Àlàhájà gbé omi ewúro wá fún mi nínú ike. Ó ní, "Mu ún. Wàláhì, ohun tí èmi lò nìyẹn. Nígbà oyún Abdulsobur ni wọ́n sọ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Mo ń mu ún láàárọ̀, mò ń mu ún lálẹ́. Nígbà tí mo bímọ tán, wọ́n yẹ̀ mí wò, kò sí i mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà."

Mo mu ún. Bí ó bá lè lọ lára tirẹ̀, ó yẹ kó lè lọ lára tèmi.

Ṣúgà: 290.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Màmá wá láti Ọ̀mù-Àrán. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, ìka wọn yí i ká, ó sì ṣẹ́kù. A kọ́kọ́ jẹun.

Ọdún mọ́kànlá ni Màmá ti ní àtọ̀gbẹ, ara wọn sì ń dán. Wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n kó oògùn wọn jáde, wọ́n ka mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́.

"Tèmi ń ṣiṣẹ́, Ọlámidé. Àìsàn kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ ní. Ohun tó wo ìyá á wo ọmọ."

Mo mọ̀ pé èèyàn kì í lo oògùn oníoògùn. Èmi náà ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ. Mo gbé ẹyọ kan mì níwájú wọn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo ní gbogbo rẹ̀ ni n ó kọ.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún

Oògùn mi méjì, ti Màmá kan, ewúro ife kan. Ṣúgà: 318. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni wọ inú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Karùn-ún

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti ń kọ èyí. Omi ń kán wọ apá òsì mi.

Ọjọ́rú ni mo ṣubú. Láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń bì, mo rò pé ewúro ló fà á. Mo ṣì lọ síbi iṣẹ́, nítorí ìdánwò Yorùbá ni, àwọn ọmọ tèmi ló ń ṣe é. Mo pín ìwé ìbéèrè tán, mo wá rí i pé mò ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Àlàhájà ní ńṣe ni mo rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí mo sì dùbúlẹ̀. Òun ló gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀. Kò yà sí kílíníìkì, ọsibítù ńlá ló wà mí lọ tààrà.

Nọ́ọ̀sì Qudrah ló sọ ìyókù fún mi. Ṣúgà mi kọjá iye tí ẹ̀rọ lè kà. Ara mi ò rí ṣúgà náà lò, ó wá ń jẹ ọ̀rá ara rẹ̀, oró ìyẹn sì ti dà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, bí ẹ bá fi lè dúró di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Bàbá Túnmiṣe bá mi mú ìwé yìí wá. Dókítà Zakari, tó ń tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ níbí, rí i lórí tábìlì, ó bèèrè bóyá òun lè kà á. Ó dúró kà á tán, láti orí ẹ̀kọ tútù dé orí oògùn Màmá.

"Gbogbo èyí lẹ jẹ?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Dókítà."

"Yàtọ̀ sí oògùn oníoògùn, kò sí ohun tẹ́ ẹ ṣe tó burú."

Mo dojú kọ ògiri. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

Ó ní òun á fi ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí Èkó fún àyẹ̀wò kan, ṣùgbọ́n òun ò ní dúró de èsì kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Karùn-ún

Dókítà Zakari fa àga jókòó. Màmá wà lápá ọ̀tún mi.

"Àtọ̀gbẹ kì í ṣe oríṣi kan," ló wí. "Nǹkan kan wà tí à ń pè ní insulín. Ara ló ń ṣe é, níbì kan lẹ́yìn àpòlúkù. Òun ló ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, kó lè di agbára. Màmá, tiyín wà ńbẹ̀. Ara yín ni kì í fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Oògùn yín ló ń bá a bẹ ara. Ti Àǹtí yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa lé àrùn jáde lára wọn ló ṣìnà, wọ́n ń ba ibi tí wọ́n ti ń ṣe insulín jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ara ọmọdé la ti sábà máa ń rí i. Ó máa ń mú àgbàlagbà náà, ṣùgbọ́n ó máa ń rọra wọlé ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣì í mú fún irú tiyín."

Màmá bèèrè pé, "Kí ló jẹ tó fi ní i?"

"Kò sí nǹkan tí wọ́n jẹ, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn."

Ó ní abẹ́rẹ́ insulín ni ìtọ́jú rẹ̀. Lójoojúmọ́. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní títí ayé.

Màmá dìde, wọ́n jáde sí kọ̀rídọ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n fún Bàbá mi ní oṣù tí wọ́n kú. Lójú Màmá, ẹni tó bá ti dé ìdí abẹ́rẹ́ ti fẹ́ máa lọ nìyẹn.

Èmi? Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n "kì í ṣe ẹ̀bi wọn" ni mò ń gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bó ṣe yé mi sí rèé: nínú ara Màmá, tíṣà wà ní kíláàsì, àwọn ọmọ ló ń pariwo. Nínú ara tèmi, wọ́n ti lé tíṣà lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Karùn-ún

Mo ti dé ilé. Ọsàn ni Nọ́ọ̀sì Qudrah fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún un. Ikùn èèyàn kì í ṣe ọsàn. Mo di ẹran ikùn mú, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mi ò gún un. Mo tún kà á. Túnmiṣe yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá.

"Mọ́mì, ìgbà kẹrin rèé tẹ́ ẹ ti ń kà á."

Mo gún un. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Ṣúgà: 162. Mo wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti mú iná lọ. Insulín ò gbọdọ̀ gbóná, fíríìjì wa sì ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá Túnmiṣe lọ sí Dáda, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, lọ ra ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá àti kékeré. Ó ki kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn sí àárín wọn, ó fi omi rin iyanrìn náà, ó fi aṣọ tútù bò ó. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Ó tutù dáadáa. Mo wé insulín mi sínú ọ̀rá, mo gbé e síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Mo gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, òjò dé, mo ń sá fún un, mi ò jẹun tán. Láàárín iṣẹ́ àkàyé ní kíláàsì kejì, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú pátákó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Aṣọ mi rin fún òógùn. Nọ́ọ̀sì Qudrah ti kìlọ̀ fún mi, mo mọ ohun tó jẹ́: ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Mo ṣí ìgò mínírà tí mo máa ń gbé dání, mo mu ún tán lórí ìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú mi dá.

Kí ó tó di àkókò oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà ti dé yàrá àwọn olùkọ́. Ọ̀gbẹ́ni Àmínù tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. "Alátọ̀gbẹ ń mu mínírà ní gbangba. Òótọ́ wá ni dókítà àkọ́kọ́ yẹn ń sọ."

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìpàdé olùkọ́ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Àlàhájà fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, itan gbáko. Ṣúgà: 131. Kílò mẹ́tàléláàádọ́ta.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Èsì dé láti Èkó láàárọ̀. Bí Dókítà Zakari ṣe sọ ọ́ náà ni.

Ní ìpàdé, mo dúró síwájú gbogbo wọn. Mo sọ ti tíṣà tó wà ní kíláàsì àti tíṣà tí wọ́n lé lọ sílé. Ọ̀gbẹ́ni Àmínù nawọ́.

"Mínírà yẹn wá ńkọ́?"

"Nígbà mìíràn, insulín máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí mi tí mò ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ mi ò já gaara mọ́, ẹ kọ́kọ́ fún mi ní mínírà. Ẹ bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀, kí n má bínú.

Àlàhájà wá dìde. "Tèmi tó lọ ńkọ́?"

Mo ti bi Dókítà léèrè ìyẹn. Mo sọ fún un pé àtọ̀gbẹ inú oyún ni tirẹ̀. Ó sábà máa ń lọ bí wọ́n bá ti bímọ, ewúro kọ́ ló lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní i rí lè wá ní irú ti Màmá lọ́jọ́ iwájú, ó sì yẹ kó máa yẹ ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

"Láti ọdún mẹ́fà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí," ni Àlàhájà wí, ó sì jókòó. Lẹ́yìn ìpàdé ó bá mi ní kọ̀rídọ̀. "Gbé ẹ̀rọ rẹ dání lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà

Àlàhájà, kó tó jẹun: 118. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Yóò rí Dókítà Zakari lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà

Aládùúgbò Màmá pè láti Ọ̀mù-Àrán. Ó ní Màmá ní egbò lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹfà

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ mọ́tò àkọ́kọ́. Màmá jókòó sí fàràńdà, wọ́n fi ìró bo ẹsẹ̀. Mo ṣí i. Ọmọ ìka kejì ti wú, ó ń ṣoje.

"Màmá, ìgbà wo lẹ lo oògùn yín kẹ́yìn?"

"Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ."

Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n wò mí lójú.

"Ọdún méjì ni dókítà fi ṣì ọ́ mú, Ọlámidé. Mo rí ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, bó o ṣe ń mí. Oògùn tí wọ́n ní kó o máa lò kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ta ló wá sọ fún mi pé wọn ò ṣi èmi náà mú fún ọdún mọ́kànlá?"

Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bèèrè ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo mú ẹ̀rọ jáde. Wọ́n na ìka sí mi. 346.

Mo ní, "Ẹ wò ó, Màmá. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn, mélòó ló máa ń jẹ́?"

"Ogóje. Nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀."

"Ìyẹn ni pé oògùn ń ṣiṣẹ́ lára yín. Lára mi, bí mo lò ó, bí mi ò lò ó, ńṣe ló ń gòkè. Bó bá jẹ́ irú tèmi lẹ ní, tẹ́ ẹ sì lo ọdún mọ́kànlá láìgba abẹ́rẹ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa jókòó síbí bá mi sọ̀rọ̀. Oògùn tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ yẹn ló gbé yín dé òní."

Wọ́n fa ìró bo ẹsẹ̀ padà. Adìẹ kan kọjá níwájú wa.

"O ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé rẹ."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Báàgì mi wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Gbé e wá."

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹfà

Wọ́n dá Màmá dúró sí ọsibítù. Wọ́n ń fọ egbò náà lójoojúmọ́. Dókítà Zakari ní insulín ni òun á fi fa ṣúgà wọn wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí egbò lè tètè jinná.

"Tèmi náà ti di tirẹ̀ nìyẹn," ni Màmá wí.

"Rárá, Màmá. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń sọ oríṣi tí èèyàn ní. Ẹni tó ní irú tiyín náà lè nílò rẹ̀ nígbà mìíràn. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú."

Mo ká aṣọ mi sókè, mo gún tèmi níṣojú wọn, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Wọ́n wò mí títí mo fi fa abẹ́rẹ́ yọ. Wọ́n wá ká tiwọn sókè fún Nọ́ọ̀sì Qudrah. Wọ́n pa ojú dé, ṣùgbọ́n wọn ò yẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Ìdánwò parí, òjò ò dá. Màmá jáde ní ọsibítù. Wọn ò gé ìka. Wọ́n ti padà sídìí oògùn wọn, Dókítà sì fi ọ̀kan kún un. Ṣúgà Màmá: 149. Tèmi: 124.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Màmá pè. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé kí wọ́n péjọ sí fàràńdà àwọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n gbé ẹ̀rọ mi wá. Wọn ò bi mí bóyá mo ráyè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Bàbá Túnmiṣe ló wà mí lọ. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló wá. Màmá fi ẹsẹ̀ wọn hàn wọ́n, wọ́n ní, "Èyí ni mo fi ọwọ́ ara mi fà. Oògùn mi ń ṣiṣẹ́, mo jù ú sílẹ̀. Ọmọ mi ń lo irú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, wọn kì í ṣe ọ̀kan."

Mo ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan di èjìká ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú wá. Ti ìyá jẹ́ 104. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ yẹn ti mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta. Ọpẹ́yẹmí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Egungun èjìká rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ. Ó ń mí lókèlókè, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti bàjẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ òun náà wò, mà."

"Ọmọ yìí? Ibà ni. A ti fún un loògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ọmọdé ń ní àtọ̀gbẹ?"

Mo gba ìka rẹ̀. Ẹ̀rọ ò kọ iye kankan, ó kọ ohun tó máa ń kọ nígbà tí ṣúgà bá ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo ní kí Bàbá Túnmiṣe tan mọ́tò. Ìyá àgbà ń bèèrè bóyá a ò lè dúró de bàbá ọmọ títí di alẹ́. Mo ní a ò lè dúró. Màmá dìde lórí ẹsẹ̀ wọn tó ṣì wà nínú báńdéèjì, wọ́n di ọwọ́ ìyá náà mú, wọ́n ní, "Wọlé sínú mọ́tò. Èmi á sọ fún bàbá rẹ̀."

Ní ọsibítù Ọ̀mù-Àrán, dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó fa omi sí i lára, ó bẹ̀rẹ̀ insulín. Nígbà tó di aago mẹ́ta, wọ́n fi mọ́tò ọsibítù gbé e wá sí Ìlọrin. Mo jókòó tì í nínú mọ́tò náà, mò ń pe orúkọ rẹ̀ kó má bàa sùn. Dókítà Zakari ti ń dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aago méje ààbọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Qudrah pè. Ṣúgà Ọpẹ́yẹmí ti wálẹ̀, ó ti ń mí bó ṣe yẹ, ó sì ti jí. Ó ní ebi ń pa òun.

Mo pe Màmá. Wọ́n ní, "Ta ló máa kọ́ ọmọ yẹn bó ṣe máa gún ara rẹ̀?"

Mo ní èmi ni. Mo ti wọ bàtà.